Òfin Ìpolówó Ọtí àti Ojú Ọ̀nà Sàngó sí Ọ̀tà

Ìpolówó ọjà ni àgúnmu òwò, gẹ́gẹ́ bí àwọn àgbà ti wí. Bí ó bá wá di ọ̀rọ̀ ọtí, ìjọba a máa fẹ́ dín àgúnmu náà kù. Ohun tí àpilẹ̀kọ yìí fẹ́ fi hàn ni pé, láti ayé àwọn Òyìnbó amúnisìn títí di òní, ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo ni òfin máa ń dí lẹ́ẹ̀kan, ọtí a sì gba ibòmíràn wọlé. Agbègbè Ọ̀tà, láti Sàngó dé Joju, níbi tí ilé iṣẹ́ ọtí àti àwọn tí ń mu ún jọ wà, dára láti fi wo ọ̀rọ̀ náà.

Àwọn òfin àkọ́kọ́ kò bá ìpolówó wí. Àdéhùn Brussels ti ọdún 1890 bu owó ibodè lé ọtí líle tí ń ti Yúróòpù wọ Áfíríkà. Àdéhùn Saint-Germain ti ọdún 1919 sì fòfin de ọtí líle olówó pọ́ọ́kú tí àwọn oníṣòwò ń kó wá. Àwọn ènìyàn wá yíjú sí ògógóró tí wọ́n ń sè láti ara ẹmu. Ìjọba sọ ọ́ di èèwọ̀, ọlọ́pàá ń wá a kiri, síbẹ̀ kò kásẹ̀ nílẹ̀.

Ọdún 1949 ni bíà Star kọ́kọ́ jáde ní Èkó. Ní ọjọ́ 31, oṣù Kẹwàá, ọdún 1959, ilé iṣẹ́ amóhùnmáwòrán WNTV bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbàdàn. Nígbà tí ó di 1962, Guinness ti ń pọn ọtí ní Ìkẹjà. Báyìí ni ohun tí à ń tà àti ibi tí à ń polówó rẹ̀ ṣe pàdé. Ó pẹ́ kí òfin tó bá wọn. Òfin ìjọba ológun nọ́ńbà 55 ti ọdún 1988 ló dá àjọ APCON sílẹ̀ láti máa ṣàkóso ìpolówó. Òfin nọ́ńbà 38 ti ọdún 1992 dá àjọ NBC sílẹ̀ fún rédíò àti amóhùnmáwòrán. Ìlànà wọn kò gbà kí a fi ọmọdé, aboyún tàbí eléré ìdárayá polówó ọtí, kò sì gbà á láàárín ètò àwọn ọmọdé àti ètò ẹ̀sìn. Ní 2022, ARCON rọ́pò APCON.

Ṣùgbọ́n ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ní ọdún 2011, Nigerian Breweries gba ilé ìpọntí Sona tó wà ní Ọ̀tà, bíà Goldberg sì di tirẹ̀. Goldberg ti ṣe onígbọ̀wọ́ ayẹyẹ Ojúde Ọba ní Ìjẹ̀bú-Òde, ó sì gbé ìdíje Ariya Repete kalẹ̀ fún àwọn olórin fújì. Kì í ṣe ìpolówó ọjà ni ayẹyẹ ìlú, ṣùgbọ́n níbi tí kámẹ́rà bá yà sí, orúkọ ọtí lè wà níbẹ̀ lọ́sàn-án gangan, lójú tọmọdé tàgbà.

Ọ̀nà kejì kò tilẹ̀ nílò kámẹ́rà. Ọtí líle inú ọ̀rá, tí owó rẹ̀ kò ju agbára ọmọ ilé ìwé lọ, a máa so rọ̀ níwájú ìsọ̀ àti ní gáréèjì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ párága. Ọ̀rá náà fúnra rẹ̀ ni ìpolówó. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2018, NAFDAC àti àwọn olùpọntí fohùn ṣọ̀kan láti fòpin sí i. Nígbà tí òfin náà fẹ́ múlẹ̀ ní oṣù Kejì ọdún 2024, àwọn òṣìṣẹ́ fẹ̀hónú hàn pé iṣẹ́ àwọn yóò bọ́. Ìjọba sì sún un sí òpin ọdún 2025. Ẹ̀hónú yìí kì í ṣe ohun tí a lè fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn ní ìlú bí Ọ̀tà, tí Intercontinental Distillers ti ń ṣe ọtí líle: owó oṣù bàbá àti ewu ọmọ lè ti ilé iṣẹ́ kan náà wá.

Nítorí náà, kò tó kí a bi òfin pé aago mélòó ni kí ìpolówó jáde. Ó yẹ kí a bi í pé ta ni ọwọ́ rẹ̀ lè tó ọtí náà ní Joju ní aago méjì ọ̀sán, nígbà tí àwọn ọmọ bá ń ti ilé ìwé bọ̀.