Adìyẹ Onísègùn àti Adìyẹ Àlùfáà: Ọ̀rọ̀ Lórí Eegun Itan Ọmọdé

Gbogbo ẹni tí ó ti ka Ìwé Sámúẹ́lì Kejì ni ó mọ Mefibóṣẹ́tì, ọmọ Jónátánì. Ọmọ ọdún márùn-ún ni nígbà tí ìròyìn ikú baba rẹ̀ àti ti baba-ńlá rẹ̀ dé; olùtọ́jú rẹ̀ gbé e sá, ọmọ náà ṣubú, ó sì yarọ ní ẹsẹ̀ méjèèjì. Ìwé Mímọ́ kò sọ fún wa eegun tí ó dá, kò sì sọ ẹni tí ó tọ́jú rẹ̀. Ohun tí a mọ̀ ni pé ìṣubú ìṣẹ́jú kan nígbà èwe yí ìrìn rẹ̀ padà títí ó fi dàgbà tí ó ń jẹun nídìí tábìlì Dáfídì.

Ní apá gúúsù Èkìtì, láti Ìkẹ́rẹ́ lọ dé Ìsẹ̀ àti Èmùré, irú ọ̀ràn bẹ́ẹ̀ kò ṣàjèjì. Ilẹ̀ olókè ni ilẹ̀ yìí. Ẹni tí ó bá ti wọ Ìkẹ́rẹ́ rí ti rí Olósùnta àti Òròlé. Àwọn ọmọ a máa gun àpáta, wọn a máa gun igi máńgòrò, àti ní ìgbà tiwa yìí, ọ̀kadà ti fi tirẹ̀ kún un. Eegun itan ni ó gùn jùlọ nínú gbogbo eegun ara, síbẹ̀ ti ọmọdé a máa dá.

Kí ilé ìwòsàn kankan tó dé ọ̀dọ̀ wa ni àwọn tí ń to eegun ti wà. Iṣẹ́ ìdílé ni. Baba a fi lé ọmọ lọ́wọ́, ọmọ a sì kọ́ ọ nípa wíwò àti fífọwọ́bà. Onísègùn náà a fi ọwọ́ wá ibi tí eegun ti dá lábẹ́ ẹran ara, a fa ẹsẹ̀ náà títí orí eegun méjèèjì yóò fi pàdé, a fi omi gbígbóná àti òrí ra á, lẹ́yìn náà a mú pẹlẹbẹ ọparun tí a fi okùn hun pọ̀ bí ẹní, a fi yí itan náà ká, a sì fi aṣọ dì í. Ọfọ̀ a sì máa bá a rìn. Àwa tí a jẹ́ àlùfáà kò lè gba ọfọ̀ náà wọlé, ṣùgbọ́n a kò gbọ́dọ̀ torí rẹ̀ sọ pé ọwọ́ tí ó to eegun náà kò mọ iṣẹ́.

Àwọn mìíràn nínú wọn a máa mú adìyẹ kan. Wọn a dá eegun ẹsẹ̀ rẹ̀, wọn a tò ó, wọn a sì dì í gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti di ti aláìsàn. Lọ́jọ́ tí adìyẹ náà bá ń fi ẹsẹ̀ náà rìn káàkiri àgbàlá, wọn a mọ̀ pé àkókò tó láti tú ìdè ẹsẹ̀ ènìyàn. Àwọn ọ̀mọ̀wé kan ń fi èyí rẹ́rìn-ín. Àwa kò rí ohun ẹ̀rín níbẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àánú adìyẹ náà ń ṣe wá. Nítorí ẹni tí kò ní ẹ̀rọ tí ń ya àwòrán eegun ní láti wá ohun kan tí yóò fi mọ ohun tí ń ṣẹlẹ̀ nínú ara. Àléébù rẹ̀ ni pé eegun adìyẹ, ti ọmọdé àti ti àgbà kì í so pọ̀ ní iye ọjọ́ kan náà. Itan ọmọ ọdún márùn-ún a máa so ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ti àgbà a máa tó oṣù mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Àléébù kejì wà, èyí tí ó sì mú wa kọ ọ̀rọ̀ yìí nìyẹn. Adìyẹ lè sọ ọjọ́ tí eegun so. Kò lè sọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà. A mọ ìdílé kan ní agbègbè yìí tí ọmọkùnrin wọn, ọmọ ọdún méje, já láti orí igi máńgòrò. Onísègùn eegun tò ó, ọmọ náà rìn, ìdílé náà sì wá dúpẹ́ ní ilé Ọlọ́run. Nígbà tí ó tó ọdún kan ààbọ̀, ìyá rẹ̀ rí i pé ọmọ náà ń tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Àwọn ará ilé bẹ̀rẹ̀ sí wo ara wọn lójú: àwọn kan ní onísègùn kò tò ó dáadáa, àwọn mìíràn ní ọwọ́ ayé ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí a fi okùn wọn ẹsẹ̀ méjèèjì, èyí tí ó dá gan-an ni ó gùn jù. Kò sí ẹni tí ó mọ ohun tí yóò sọ.

Láti lóye rẹ̀, ẹ jẹ́ kí a lọ bá adìyẹ mìíràn ní ilẹ̀ òkèèrè, èyí tí ó jẹ́ ti àlùfáà. Stephen Hales ni orúkọ rẹ̀, àlùfáà Ìjọ Gẹ̀ẹ́sì ní Teddington, létí odò Thames. Nínú ìwé kan tí ó tẹ̀ ní ọdún 1727, ìwé tí ó kọ nípa ewéko, ó sọ bí òun ti mú òròmọdìyẹ tí ó dàgbà dé ìdajì, tí òun fi irin ẹlẹ́nu ṣóńṣó lu ihò kékeré méjì sí eegun ẹsẹ̀ rẹ̀, tí àlàfo àárín wọn jẹ́ ìdajì íǹṣì. Lẹ́yìn oṣù méjì ó pa á. Eegun náà ti fi íǹṣì kan gùn sí i, ṣùgbọ́n àlàfo àárín ihò méjèèjì kò yí padà. Èyí fi hàn pé kì í ṣe àárín ni eegun ti ń gùn, bí kò ṣe ní ìpẹ̀kun rẹ̀. Lónìí a mọ̀ pé eegun rírọ̀ kan tí ó tẹ́ pẹlẹbẹ wà nítòsí ìpẹ̀kun náà, òun ni ó ń bí eegun titun títí ọmọ yóò fi dàgbà tán. Èyí tí ó wà ní ìhà orúnkún ni ó ń ṣe nǹkan bí 70 nínú 100 gígùn itan.

Nígbà tí itan ọmọ bá dá ní àárín, ara a máa rán ẹ̀jẹ̀ púpọ̀ lọ síbẹ̀ láti wo ó sàn, àwọn eegun rírọ̀ ìpẹ̀kun a sì jẹ nínú ọ̀pọ̀ náà. Nítorí náà ẹsẹ̀ tí ó dá a máa yára dàgbà ju èkejì rẹ̀ lọ fún ìgbà díẹ̀. Láàrin ọmọ ọdún méjì sí mẹ́wàá ni èyí wọ́pọ̀ jùlọ. Nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà kan ni, nígbà mìíràn ó lè tó méjì, púpọ̀ nínú rẹ̀ a sì ti wáyé kí ọdún méjì tó pé. Léopold Ollier ti ìlú Lyon ní ilẹ̀ Faransé ti kọ̀wé ní ọdún 1867 lórí bí eegun ti ń tún ara rẹ̀ ṣe. Ní ọdún 1921 ni Truesdell, ní Amẹ́ríkà, kọ àkọsílẹ̀ lórí àìdọ́gba ẹsẹ̀ àwọn ọmọ tí eegun itan wọn ti dá.

Nítorí èyí, bí dókítà bá rí i pé orí eegun ọmọ ọdún mẹ́fà fi sẹ̀ǹtímítà kan gun ara wọn, ó lè fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, kì í sì í ṣe ọ̀lẹ ni ó ṣe é: ó ń fi àyè sílẹ̀ fún ìdàgbà tí ń bọ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ eegun rírọ̀ ìpẹ̀kun náà ni ó fọ́, ó lè dáwọ́ iṣẹ́ dúró, ẹsẹ̀ náà a sì máa kúrú sí i lọ́dọọdún. A bá jẹ́ kí àwọn dókítà máa ṣàlàyé èyí fún òbí kí wọ́n tó ní kí wọ́n máa lọ sílé; ọ̀pọ̀ ìjà ìbá tán.

Ẹni tí ó bá rò pé ilé ìwòsàn kò bá ilé onísègùn eegun tan, kí ó gbọ́ ti Hugh Owen Thomas, tí a bí ní 1834 tí ó sì kú ní 1891. Ìdílé àwọn tí ń to eegun ní erékùṣù Anglesey, ní ilẹ̀ Wales, ni ó ti wá. Baba rẹ̀, Evan, ń to eegun ní Liverpool láìní ìwé ẹ̀rí, àwọn dókítà sì fà á lọ sí ilé ẹjọ́ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Nítorí náà ó rán àwọn ọmọ rẹ̀ lọ kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn. Hugh ni ó ṣe ọ̀pá irin tí a fi ń na ẹsẹ̀. Nígbà ogun 1914 sí 1918, Robert Jones, mọ̀lẹ́bí aya rẹ̀, mú kí a máa lò ó fún àwọn ọmọ ogun. A sì sọ pé àwọn tí itan wọn dá, tí nǹkan bí 80 nínú 100 ń kú tẹ́lẹ̀, dín kù sí nǹkan bí 20.

Ogun kejì ni ó bí ti wa. Ní Ìgbóbì, ní Èkó, ibi tí a ti ń tọ́jú àwọn ọmọ ogun tí wọ́n fara gbọgbẹ́ di ilé ìwòsàn eegun ní ọdún 1945. Ṣùgbọ́n Èkó jìnnà sí Èmùré, owó ọkọ̀ kì í sì í wà lọ́wọ́ àgbẹ̀. Nísinsìnyí ilé ìwòsàn ńlá wà ní Adó àti ní Ìdó. Síbẹ̀ ọ̀dọ̀ onísègùn eegun ni ọ̀pọ̀ ń kọ́kọ́ gbé ọmọ lọ. Ẹni tí ó bá lọ síbẹ̀, kí ó máa wo ìka ẹsẹ̀ ọmọ náà. Bí ó bá tutù, tí ó ń dúdú, tàbí tí ọmọ kò mọ ìfọwọ́kàn mọ́, kí a tú ìdè náà ní wákàtí náà kí a sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, nítorí ìdè tí ó le jù ti mú kí a gé ẹsẹ̀ ọmọ tí eegun rẹ̀ ìbá ti so.

Àìdọ́gba tí kò tó sẹ̀ǹtímítà méjì kì í sábà fẹ́ ju kí a máa ṣọ́ ọ lọ, tàbí kí a fi awọ díẹ̀ sínú bàtà. Fún èyí tí ó pọ̀ jù bẹ́ẹ̀, Phemister ti ìlú Chicago ti kọ̀wé ní ọdún 1933 bí a ti lè dá ìdàgbà ẹsẹ̀ tí ó gùn dúró kí èkejì lè bá a; ṣùgbọ́n kí ọmọ tó dàgbà tán ni a lè ṣe é. Nítorí náà ẹ̀yin olùkọ́, tí ẹ ń rí àwọn ọmọ lórí ìlà ní òwúrọ̀ gbogbo, ẹ lè bá òbí ṣe é. Ẹ jẹ́ kí ọmọ dúró láìwọ bàtà lórí ilẹ̀ tí ó tẹ́jú, kí orúnkún rẹ̀ nà. Ẹ fi ọwọ́ lé eegun ìbàdí rẹ̀ méjèèjì. Bí ọwọ́ kan bá relẹ̀, ẹ máa ki ìwé àjákọ sábẹ́ ẹsẹ̀ ìhà náà títí ọwọ́ méjèèjì yóò fi dọ́gba. Ẹ fi rúlà wọn gíga àwọn ìwé náà, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ oṣù, ẹ sì tún un ṣe ní oṣù mẹ́fà mẹ́fà.