Alùpùpù tó fi lítà epo kan rin 200 kìlómítà 🧵

1/ Lọ́dún 1985, alùpùpù kan ní Amẹ́ríkà rin nǹkan bíi 200 kìlómítà lórí lítà bẹntiróò kan ṣoṣo. Kì í ṣe idán o, wọn ò sì da oògùn kankan sí táńkì.

2/ Ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀ látọdún 1973. Àwọn ìlú Lárúbáwá tó ń ta epo ní àwọn ò tà fún Amẹ́ríkà mọ́. Ìlà gùn nílé epo. Lọ́dún 1974, ìjọba ní mọ́tò kankan ò gbọdọ̀ sáré kọjá máìlì 55 ní wákàtí kan. Nígbà tí ìjọba dojú dé ní Iran lọ́dún 1979, epo tún gbówó lórí.

3/ Craig Vetter, ẹni tó ń ṣe ìbòrí iwájú alùpùpù tí wọ́n ń pè ní Windjammer, wá gbé ìdíje kalẹ̀ láti 1980 sí 1985: ojú títì gidi, eré gidi, ta ni epo rẹ̀ máa pẹ́ jù?

4/ Ọ̀tá wọn ni atẹ́gùn. Tí eré bá di ìlọ́po méjì, agbára tí atẹ́gùn fi ń dá ẹ padà á di ìlọ́po mẹ́rin. Ni wọ́n bá bo alùpùpù látòkè délẹ̀: iwájú rí roboto, ẹ̀yìn rí ṣóńṣó bí ìrù ẹja.

5/ Ìgbà yẹn ni wọ́n tó yí eyín ṣéènì padà kí ẹ́ńjìnnì lè máa yí jẹ́jẹ́. Ẹ wo bó ṣe tẹ̀ léra o. Tó o bá yí eyín ṣéènì nìkan, ẹ́ńjìnnì á máa mí hẹlẹ-hẹlẹ lórí òkè.

6/ Ṣé wọn ò mọ̀ ọ́n ṣe tẹ́lẹ̀ ni? Wọ́n mọ̀ ọ́n. Àwọn alùpùpù ìdíje ti ń wọ irú ìbòrí bẹ́ẹ̀ láàárín ọdún 1950 sí 1957, kí àjọ FIM tó fòfin dè é, torí atẹ́gùn ẹ̀gbẹ́ lè gbé èèyàn ṣubú.

7/ Ó wá kàn wá. Lẹ́yìn May 29, 2023 tí wọ́n yọ owó ìrànwọ́ epo, lítà kan kúrò ní nǹkan bíi ₦185, ó bọ́ sí ₦488 l'Ékòó láàárín ọjọ́ méjì. Ọlọ́kadà kan ládùúgbò wa sọ fún mi pé, "Àǹtí, mo ti ní kí mẹkáníìkì fún káburétọ̀ pa." Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ rọra o." Tí epo bá kéré jù fún atẹ́gùn tó ń wọlé, ẹ́ńjìnnì á gbóná kọjá ààlà. Owó epo tẹ́ ẹ ṣẹ́ kù, ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì ló ń lọ.

8/ Ìbòrí Vetter náà ò sì lè ṣe púpọ̀ fún wọn. Nínú gò-síló, atẹ́gùn kọ́ ló ń jẹ epo: dúró-lọ-dúró-lọ ni, táyà tí ò kún, ṣéènì tó gbẹ, fílítà tó dọ̀tí. Ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Owó rẹ̀ ò tó nǹkan.

9/ Nígbà tí Vetter tún gbé ìdíje náà dìde ní nǹkan bí ọdún 2010, ó fi òfin kan kún un: alùpùpù gbọ́dọ̀ lè gbé àpò ọjà mẹ́rin. Òfin yẹn ni mo fẹ́ràn jù. Ọlọ́kadà wa ń gbé ìyá ọlọ́jà, agbọ̀n tòmátì àti ọmọ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tó bá fẹ́ bá a dín epo kù, kó kọ́kọ́ ka ẹrù ẹ̀.