Rock Band: Orin Rírà Lórí Íntánẹ́ẹ̀tì

Rock Band jẹ́ géèmù orin tí ilé-iṣẹ́ Harmonix ní Amẹ́ríkà ṣe, tó jáde ní ọdún 2007 fún Xbox 360 àti PlayStation 3. Títí di ọdún 2024, àwọn tó ń gbá a máa ń lè ra orin tuntun lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Iṣẹ́ pípèsè àwọn orin náà kò rọrùn: Harmonix ní láti gba àṣẹ lọ́wọ́ àwọn tó ni orin kíkọ àti àwọn tó ni àwo rẹ̀, kí ó sì to àmì gìtá, ìlù àti ohùn fún orin kọ̀ọ̀kan. Ààyè láti tọ́jú orin tí a rà tún jẹ́ ìṣòro: lórí Wii, ẹ̀rọ géèmù mìíràn tí Rock Band tún wà fún, ààyè ìpamọ́ inú rẹ̀ kò ju mẹ́gábáìtì 512 lọ. Bí àdéhùn àṣẹ orin kan bá sì parí, orin náà á kúrò lórí àtẹ. Ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 2024, Harmonix dáwọ́ títa orin tuntun dúró.