Ọwọ́ Kan Kò Gbẹ́rù Dórí: Ẹ̀kọ́ tí Arò Kọ́ Wa

Bí àìsàn bá wọ ilé, gbogbo ènìyàn a máa béèrè àlàáfíà aláìsàn. Ṣùgbọ́n ta ni í béèrè bóyá ẹni tí ń tọ́jú rẹ̀ sùn mọ́jú? Láyé àtijọ́, agbo ilé ni í pín iṣẹ́ náà ṣe. Bí ìyàwó kan bá ń fún arúgbó ní ẹ̀kọ mu, òmíràn a fọ aṣọ rẹ̀, àwọn ọmọdé a sì jókòó tì í.

Ìjọba òyìnbó gba ọ̀nà mìíràn fún àwọn alárùn ọpọlọ. Ní 1907, wọ́n ṣí ilé kan fún wọn ní Yábàá, níbi tí ìtìmọ́lé ti pọ̀ ju ìwòsàn lọ. Ẹrù kúrò lórí ẹbí lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọ́n pàdánù ènìyàn wọn.

Ọmọ Abẹ́òkúta kan ni ó la ọ̀nà kẹta. Dókítà Thomas Adéoyè Lámbò, tí a bí ní 1923, kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn ní Birmingham, ó sì padà wá ṣiṣẹ́ ní Arò. Ní 1954, kí ilé ìwòsàn tuntun ibẹ̀ tó parí, ó bá àwọn ará abúlé mẹ́rin tí ó yí i ká ṣe àdéhùn láti gba àwọn aláìsàn sí ilé wọn. Òfin kan wà: aláìsàn kò gbọdọ̀ dá wá. Ó kéré tán, ìbátan kan gbọ́dọ̀ bá a wá, láti máa se oúnjẹ fún un, kí ó sì máa fọ aṣọ rẹ̀. Ní òwúrọ̀, ìbátan yìí a mú un lọ sí ilé ìwòsàn. Ní ọ̀sán, a tún lọ mú un bọ̀. Láàárín àkókò náà, iṣẹ́ ti bọ́ sí ọwọ́ dókítà àti nọ́ọ̀sì. Bí ilẹ̀ bá ṣú, onílé àti aládùúgbò wà nítòsí. Àwọn ará abúlé náà jèrè: wọ́n gba owó ilé, ilé ìwòsàn sì yá wọn lówó láti tún ibùgbé wọn ṣe.

Òkìkí iṣẹ́ yìí kàn. Ní 1961, àwọn oníṣègùn ọpọlọ láti ilẹ̀ Áfíríkà àti òkèèrè pé jọ sí Abẹ́òkúta. Lámbò sì di igbá-kejì olórí Àjọ Ìlera Àgbáyé láti 1973 títí di 1988. Ó di olóògbé ní 2004.

Ẹ̀yin ọmọ Command nílé àti lẹ́yìn odi, Arò kò jìnnà sí wa. Nínú ilé àyágbé wa lónìí, ọmọbìnrin kan ṣoṣo lè máa ṣòwò, kí ó sì máa gbé bàbá tí rọpárọsẹ̀ dá dùbúlẹ̀, nígbà tí àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń fi owó ránṣẹ́ láti òkè òkun. Owó dára, ṣùgbọ́n owó kì í ṣọ́ aláìsàn mọ́jú. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Amẹ́ríkà mọ̀ pé láti 2000 ni òfin ibẹ̀ ti dá ètò kan sílẹ̀ fún àwọn tí ń tọ́jú ẹbí wọn, tí ìsinmi díẹ̀ fún wọn sì wà nínú rẹ̀.

Kò yẹ kí a dúró de ìjọba. Kí ẹgbẹ́ wa ní àdúgbò kọ̀ọ̀kan kọ orúkọ àwọn tí yóò máa gba iṣẹ́ lọ́wọ́ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ní ọ̀sán kan lọ́sẹ̀. Ẹni tí ó bá sì ti òkè òkun wá sinmi, kí ó gba ọ̀sẹ̀ kan lọ́wọ́ àbúrò rẹ̀. Ẹni tí ń tọ́jú ènìyàn pẹ̀lú, ènìyàn ni.