Òfin Tí Àwọn Olómi-Ọsàn Gámbíà Ṣe Fúnra Wọn

Bí a bá ti dárúkọ ìrìn-àjò afẹ́ tí kò ba àyíká jẹ́, tí kò sì rẹ́ ará ìlú jẹ, ohun tó máa ń sọ sí ọ̀pọ̀ wa lọ́kàn ni ìwé ẹ̀rí láti òkè òkun àti àpérò ní òtẹ́ẹ̀lì ńlá. Ní tèmi, orí iyanrìn etíkun Kotu ní orílẹ̀-èdè Gámbíà ni mo fẹ́ ká lọ, lọ́dọ̀ àwọn tó ń fún ọsàn tà fún àlejò.

Ní oṣù Kejì ọdún 1965 ni Gámbíà gba òmìnira. Láàárín ọdún náà sí 1966, ọmọ ilẹ̀ Sweden kan tó ń jẹ́ Bertil Harding kó nǹkan bí 300 arìnrìn-àjò afẹ́ wá láti ìlú rẹ̀. Ẹ̀pà ni orílẹ̀-èdè kékeré náà ń tà sókè òkun nígbà náà. Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í ta oòrùn fún àwọn tó ń sá fún òtútù nìyẹn. Títí dòní, orúkọ Harding ni òpópónà tó gba agbègbè òtẹ́ẹ̀lì kọjá ń jẹ́.

Àlejò pọ̀ sí i lóòótọ́, ṣùgbọ́n owó wọn kò fi bẹ́ẹ̀ kọjá ògiri òtẹ́ẹ̀lì. Ọ̀pọ̀ ti san owó ọkọ̀ òfuurufú àti ti ilé ìbùgbé pọ̀ ní Yúróòpù kí wọ́n tó gbéra. Ohun tó kù fún ará ìlú ni èyí tí àlejò bá ná lójú ọ̀nà: èso, omi ọsàn, ère, takisí, owó afinimọ̀nà. Nítorí bẹ́ẹ̀, ogún ènìyàn lè máa sáré tẹ̀lé oníbàárà kan ṣoṣo. Bí wọ́n bá ti yọ ọ́ lẹ́nu, á sá wọlé padà. Bí ó bá sì ti sá wọlé, kò sẹ́ni tó tà.

Ní ọdún 1999, ìjọba gbìyànjú àtúnṣe. Wọ́n fòfin de ètò tí àlejò fi máa ń san owó oúnjẹ àti ohun mímu mọ́ owó ilé, kí ó lè jáde wá náwó nígboro. Èrò rere ni, ṣùgbọ́n àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń kó àlejò wá fárí gá, wọ́n sì lágbára láti darí èrò sí ibòmíràn. Kí ọdún 2000 tó parí, ìjọba ti fa òfin náà padà.

Ọdún 2000 yẹn náà ni àwọn oníṣòwò kéékèèké dá ẹgbẹ́ tí wọ́n ń pè ní ASSET sílẹ̀. Adama Bah wà lára àwọn olùdásílẹ̀ rẹ̀. Òun àti Harold Goodwin, olùwádìí láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, mú kí àwọn tó ń tajà létíkun àti àwọn onílé ìtura jókòó sọ̀rọ̀. Kò rọrùn, nítorí oníkálùkù ló ní ẹ̀sùn lẹ́nu.

Àwọn olómi-ọsàn fúnra wọn ló wá fẹnu kò sí òfin ìwà. Wọn kò ní lé àlejò mọ́. Ibi ìpàtẹ ni wọn yóò dúró sí. Wọ́n fi orúkọ sílẹ̀, wọ́n gba báàjì, wọ́n sì pín àkókò ìtajà láàárín ara wọn. Àwọn òtẹ́ẹ̀lì náà gbà láti sọ fún àlejò pé àwọn wọ̀nyí ṣeé bá rà. Ìwádìí tí Bah àti Goodwin tẹ̀ jáde ní 2003 fi hàn pé owó tó ń wọlé fún àwọn tó ń fún ọsàn ju ìlọ́po méjì ti tẹ́lẹ̀ lọ, ti àwọn tó ń ta èso sì fi ìdajì lé sí i.

Kí ló dé tí èyí dúró, tí òfin ìjọba kò fi dúró? Èsì mi ni pé àwọn tí òfin kàn ni wọ́n ṣe é, gbogbo wọn ló sì rí èrè nínú rẹ̀. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè: olómi-ọsàn kò lè kó àlejò wá láti Yúróòpù, òtẹ́ẹ̀lì kò sì lè fún un ní Gámbíà tó wà lẹ́yìn ògiri.

N kò sọ pé ẹgbẹ́ lè ṣe ohun gbogbo. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ Thomas Cook ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wó lulẹ̀ ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2019, ìbẹ̀rù gba Gámbíà kan, torí ọkọ̀ rẹ̀ ló ń gbé ọ̀pọ̀ àlejò wá. Kò sí báàjì tó lè gbé ọkọ̀ òfuurufú wá. Ìjọba ló yẹ kó wá ọ̀nà mìíràn tí àlejò yóò máa gbà wọlé, kí ayé ẹlẹ́kẹ má baà rọ̀ mọ́ ilé-iṣẹ́ kan.

Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ Kotu kò tí ì di ti àtijọ́. Níbi púpọ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ohun àkọ́kọ́ tí aláṣẹ máa ń ṣe bí wọ́n bá fẹ́ tún ibi ìgbafẹ́ ṣe ni kí wọ́n lé ọlọ́jà kúrò. Wọ́n á ní ìdọ̀tí ni wọ́n. Kí wọ́n tó tún lé ẹnikẹ́ni, ẹ jẹ́ ká bi wọ́n ní ìbéèrè kan: ṣé ẹ ti pe àwọn ènìyàn yìí jókòó rí?