Júpítà Gbígbóná Lójú Sánmà Ṣómólú àti Bàrígà

Ìdí méjì ni àwọn tó ní a kò lè ti Èkó ṣèwádìí pílánẹ́ẹ̀tì tó ń yí ìràwọ̀ mìíràn po máa ń tọ́ka sí: a kò ní awò ńlá, iná títì sì ti mú kí ìràwọ̀ pòórá. Ìdí kejì lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ díẹ̀. Ti àkọ́kọ́ kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ rárá.

HD 209458 b ni ẹ̀rí. Gáàsì ló pọ̀ jù lára pílánẹ́ẹ̀tì yìí. Ó fẹ̀ ju Júpítà lọ, ṣùgbọ́n kò wúwo tó o. Ó sún mọ́ ìràwọ̀ rẹ̀ débi pé ooru rẹ̀ lé ní 1,000°C; irú rẹ̀ ni à ń pè ní Júpítà gbígbóná. Ní 1999, David Charbonneau, Timothy Brown àti ẹgbẹ́ wọn rí i bó ṣe ń kọjá níwájú ìràwọ̀ náà. Awò tí wọ́n lò ní Colorado, ní Amẹ́ríkà, kò fẹ̀ ju sẹ̀ǹtímítà 10 lọ.

Ohun tí wọ́n wọ̀n kéré. Fún bíi wákàtí mẹ́ta, ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ náà dín kù ní nǹkan bí ìdá kan àbọ̀ nínú ọgọ́rùn-ún. Bí atẹ̀wé Ṣómólú bá dín yíǹkì kù tó bẹ́ẹ̀, ojú lásán ò ní mọ̀. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń ya àwòrán léraléra, tí wọ́n sì ń fi ìràwọ̀ náà wé àwọn tó wà nítòsí rẹ̀.

Ọjọ́ mẹ́ta, wákàtí 12 àti ìṣẹ́jú 35 ni pílánẹ́ẹ̀tì náà fi ń yí ìràwọ̀ rẹ̀ po. Bó bá bẹ̀rẹ̀ sí í kọjá ní agogo mẹ́jọ alẹ́ ọjọ́ Ajé, èyí tó kàn yóò bọ́ sí àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, nígbà tí oòrùn ti yọ. Ó di alẹ́ ọjọ́ Ajé kejì, lẹ́yìn agogo mẹ́sàn-án, kí a tó tún lè rí i.

Ní 2019, Nàìjíríà sọ ìràwọ̀ HD 43197 ní Amadioha, ó sì sọ pílánẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ní Equiano. Ìyẹn dára, ṣùgbọ́n ó lé ní 300 ọjọ́ kí Equiano tó yí po lẹ́ẹ̀kan. Akẹ́kọ̀ọ́ tó fẹ́ rí èsì láàárín sáà kan, Júpítà gbígbóná ló yẹ kó dojú kọ.

Kùrukùru ni ìṣòro gidi. Ní oṣù kọkànlá, òjò ti ń dá, ọyẹ́ kò sì tíì gbé eruku rẹ̀ dé tán. Ìràwọ̀ HD 209458 máa ń wà lókè téńté nírọ̀lẹ́ nígbà náà. Bí iná bá lọ, bátìrì tó fún kámẹ́rà.

Kí Yunifásítì Èkó tó wà ní Àkókà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Bàrígà, pe àwọn ilé-ẹ̀kọ́ girama àdúgbò mọ́ra, kí wọ́n jọ ṣírò ọjọ́, kí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kọkànlá tó ń bọ̀.