Ètò Adarí, Àbùlẹ̀ àti Ẹ̀dà: Ọ̀rọ̀ Yorùbá fún Kọ̀ǹpútà Àtijọ́

"Kì í ṣe original" ni gbólóhùn tí wọ́n fi ń ṣàlàyé gbogbo àìsàn tó bá ń ṣe kọ̀ǹpútà alágbèéká àtijọ́ ní Computer Village, Ìkẹjà. Ìyá kan gbé ẹ̀rọ tó ń lo Windows 7 dé ìsọ̀. Oníṣẹ́ tan án, ó wo igun ọ̀tún nísàlẹ̀ ojú rẹ̀, ó ní, "Mọ́mì, Windows yín ti expire, kì í ṣe original. Ẹ jẹ́ kí n bá yín fọ̀máàtì ẹ̀." Ìyá ní, "Ọmọ mi, ṣé fọ́tò àwọn ọmọ mi ò ní bá a lọ?" "Rárá o, mà, a máa kọ́kọ́ kó wọn sí flash." Nínú ọ̀rọ̀ kúkúrú yìí, nǹkan mẹ́ta ló ti lọ́ pọ̀ mọ́ra. Ẹ̀rọ náà ti gbó. Ilé-iṣẹ́ tó ṣe Windows 7 ti yọwọ́ nínú rẹ̀ láti ọjọ́ 14 oṣù Kìíní ọdún 2020. Ẹ̀dà tó sì wà lórí ẹ̀rọ yẹn gan-an kò ní àṣẹ. Ẹni tí kò ní ọ̀rọ̀ tó lè fi ya àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sọ́tọ̀ kò lè béèrè ìbéèrè tó yẹ, owó rẹ̀ á sì máa lọ sórí ohun tí kì í ṣe àìsàn ẹ̀rọ rẹ̀.

Àwọn àgbà ti la ọ̀nà fún irú iṣẹ́ yìí. Ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé jẹ́ olóòtú rẹ̀ jáde ní 1984. Apá kejì, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọládélé Awóbùlúyì jẹ́ olóòtú rẹ̀, tẹ̀ lé e ní 1990. Níbi tí wọ́n ti lè ṣàpèjúwe iṣẹ́ tí nǹkan ń ṣe, wọ́n ṣàpèjúwe rẹ̀; níbi tí ọ̀rọ̀ ilé ti wà, wọ́n fẹ ìtumọ̀ rẹ̀ lójú; níbi tí méjèèjì kò ti ṣeé ṣe, wọ́n yá ọ̀rọ̀, wọ́n fi àmì ohùn sí i, ó di tiwa. Ọ̀nà mẹ́ta yìí náà ni mo fẹ́ tọ̀, ṣùgbọ́n ọjà ni mo fẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà ti wúlò. Ọ̀rọ̀ tí oníṣẹ́ kò bá lè sọ tọwọ́tọwọ́ bó ṣe ń tú ìdè ẹ̀rọ, inú ìwé ni yóò máa gbé.

Ẹ̀rọ ayárabíàṣá ni ọ̀pọ̀ iléèwé àti rédíò ń pe kọ̀ǹpútà. Orúkọ tó dùn létí ni, ìyára nìkan ló sì gbé yọ, bẹ́ẹ̀ ẹ̀rọ tí ráàmù rẹ̀ kò ju gígábáìtì kan lọ, tó ń falẹ̀ kó tó jí, kọ̀ǹpútà ni òun náà. Mo fara mọ́ kọ̀ǹpútà, àti kọ̀ǹpútà alágbèéká fún èyí tó ṣeé gbé kiri.

Kí wá ni ká pe Windows, Linux àti macOS? Àwọn kan ń pè wọ́n ní ètò ìṣiṣẹ́. Mi ò fara mọ́ ọn, torí ètò ìṣiṣẹ́ ni ìwé tí ọ̀gá iléèwé fi ń to iṣẹ́ táámù sílẹ̀. Alákòóso ìbá dára, àmọ́ a nílò rẹ̀ fún ẹni tó ní àṣẹ lórí ẹ̀rọ, ẹni tí Windows máa ń kọ́kọ́ gbàyè lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó jẹ́ kí ohun tuntun wọlé. Iṣẹ́ dídarí ni Windows ń ṣe: òun ló ń pín ráàmù fún ètò kọ̀ọ̀kan, òun ló ń sọ ètò tí yóò ṣiṣẹ́ báyìí àti èyí tí yóò dúró ná, òun ló ń ṣọ́ ẹni tó lè ṣí fáìlì àti ẹni tí kò lè ṣí i. Nítorí náà, ètò adarí ni mo ń pè é. Ó kúrú, ó ṣeé sọ lọ́jà, ó sì gba àfikún: ètò adarí àtijọ́, ètò adarí tuntun.

"Expire" ló ń ṣi ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́nà jù. Oògùn àti búrẹ́dì ni nǹkan tí a mọ̀ pó ń expire. Bí ọjọ́ wọn bá ti kọjá, a ò gbọdọ̀ fẹnu kàn wọ́n mọ́. Windows XP jáde ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹwàá ọdún 2001, Microsoft sì dáwọ́ àtìlẹ́yìn rẹ̀ dúró ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹrin ọdún 2014. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, àwọn ẹ̀rọ tó ń lò ó ṣì tàn, wọ́n ṣì ń tẹ ìwé, wọ́n ṣì ń gbé orin jáde. Ohun tó yí padà ni pé bí ẹnikẹ́ni bá rí ihò tuntun lára XP láti ọjọ́ yẹn, dídí ihò náà kì í ṣe iṣẹ́ Microsoft mọ́. Àwọn tó ń ṣe ètò mìíràn náà bẹ̀rẹ̀ sí í fi í sílẹ̀: Chrome lọ ní 2016, Firefox lọ ní 2018. Chrome tún fi Windows 7 sílẹ̀ ní 2023, ẹ̀yà 109 ló kẹ́yìn tó ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀. A máa ń sọ ní Yorùbá pé ẹnì kan ti yọwọ́ nínú ọ̀rọ̀: ọ̀rọ̀ náà ṣì wà, ẹni náà ni kò sí níbẹ̀ mọ́. Ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an nìyẹn. Ẹ jẹ́ ká máa sọ pé wọ́n ti yọwọ́ nínú Windows 7, ká sì máa pe ọjọ́ náà ní ọjọ́ ìyọwọ́. Ọjọ́ ìyọwọ́ Windows 10 ni 14 oṣù Kẹwàá ọdún 2025, èyí sì kan ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹ̀rọ tòkunbọ̀ tí wọ́n ń tà lọ́jà báyìí.

Àṣìpè "expire" yìí ń ná ènìyàn lówó. Nínú ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà, bátìrì roboto kékeré kan ló ń mú kí aago máa ṣiṣẹ́ nígbà tí iná kò sí. Bí bátìrì náà bá kú, aago á padà sẹ́yìn lọ́pọ̀ ọdún, íntánẹ́ẹ̀tì á sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀ láti ṣí, torí ìwé ẹ̀rí tí báńkì àti àwọn ojúlé mìíràn ń fi hàn ní ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ òpin, ọjọ́ tó wà lórí aago ẹ̀rọ náà kò sì bọ́ sáàárín méjèèjì. Wọ́n á ní Windows ti expire. Wọ́n á fọ̀máàtì ẹ̀rọ tó jẹ́ pé bátìrì ló nílò.

Ohun tí wọ́n fi ń dí ihò ara ètò adarí ni mo ń pè ní àbùlẹ̀. Aṣọ tó ya la ń bù lẹ̀, aṣọ náà kò sì tìtorí ẹ̀ di tuntun. Àwọn olùtumọ̀ ń lo ìmúdójúìwọ̀n fún gbogbo ohun tí ilé-iṣẹ́ bá fi ránṣẹ́ sí ẹ̀rọ, ọ̀rọ̀ náà sì dára fún èyí tó ń mú ìrísí tuntun wá, tó ń ṣí bọ́tìnnì nípò. Àbùlẹ̀ kò ní iṣẹ́ mìíràn ju kó dí ihò lọ, ó sì yẹ kó ní orúkọ tirẹ̀ kí ènìyàn lè mọ̀ pé ó lè kọ ìrísí tuntun láìkọ àbùlẹ̀. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta ọdún 2017, Microsoft fi àbùlẹ̀ kan síta tí nọ́ńbà rẹ̀ ń jẹ́ MS17-010. Kò tíì pé oṣù méjì tí ètò burúkú kan tó ń jẹ́ WannaCry fi gba ihò yẹn wọ kọ̀ǹpútà káàkiri ayé, ní ọjọ́ 12 oṣù Karùn-ún. Ó da iṣẹ́ rú ní àwọn ilé-ìwòsàn ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì débi pé wọ́n ń sún ọjọ́ ìtọ́jú aláìsàn síwájú. Ṣe ló ń ti fáìlì pa, tó sì ń béèrè 300 dọ́là kó tó ṣí i. Ẹ̀rọ tó ti gba àbùlẹ̀ náà kò jẹ́ kó gba ihò yẹn wọlé. XP kò rí gbà lóṣù Kẹta torí wọ́n ti yọwọ́ nínú rẹ̀. Ìgbà tí ìkọlù bẹ̀rẹ̀ ni Microsoft tó tún na ọwọ́ sí i, tí wọ́n gbé àbùlẹ̀ rẹ̀ síta fún gbogbo ènìyàn. Orúkọ irú ètò burúkú bẹ́ẹ̀ kò yẹ kó nira fún ẹni tó ń gbé Nàìjíríà. A mọ ajínigbé. Ajífáìlìgbé ni mo pe WannaCry: fáìlì kò kúrò lórí ẹ̀rọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ ẹni tó ni ín kò tó o mọ́, wọ́n sì ń gba owó ìtúsílẹ̀ lórí rẹ̀.

Mo wá dé orí "kì í ṣe original". Ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ ń wá sẹ́nu ni ayédèrú, kò sì bá a mu. Ayédèrú náírà kì í ṣe náírà. Windows tí wọ́n dà kọ láti flash kan sí òmíràn, Windows náà ni, Microsoft ló kọ ọ́. Àṣẹ lílò rẹ̀ ni kò sí. Ẹ̀dà aláìgbàṣẹ ni. Bí ẹnì kan bá tún ti tú u palẹ̀, tó yọ nǹkan kúrò, tó fi nǹkan tirẹ̀ sí i, tó fún un lórúkọ tuntun kó tó pín in kiri, ẹ̀dà àtúnpò nìyẹn, òun ló sì léwu jù, torí ẹni tó tún un pò nìkan ló mọ ohun tó wà nínú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ìsọ̀. Bí Windows 7 bá mọ̀ pé òun jẹ́ ẹ̀dà aláìgbàṣẹ, ó máa sọ ẹ̀yìn ojú ẹ̀rọ di dúdú, á sì kọ ọ́ sí igun ọ̀tún nísàlẹ̀ pé "This copy of Windows is not genuine". Àyẹ̀wò yìí máa ń bá ìmúdójúìwọ̀n wọlé. Oníṣẹ́ tó fẹ́ kí ojú dúdú lọ á yọ àyẹ̀wò náà kúrò; kó má bàa padà wá, á ṣí Services, á wá Windows Update kàn, á yí i sí Disabled, á tún ẹ̀rọ tàn. Ojú dúdú á lọ. Oníbàárà á sanwó, á dúpẹ́, á gbé ẹ̀rọ rẹ̀ lọ sílé. Láti ọjọ́ náà lọ, àbùlẹ̀ kan ò ní gba ọ̀nà yẹn wọlé mọ́. Ní 2017, Microsoft kò tíì yọwọ́ nínú Windows 7. Àbùlẹ̀ MS17-010 wà ńlẹ̀ fún un, owó kò sí lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tí wọ́n ti ṣe báyìí kò lè gbà á. Àìgbàṣẹ ló bí àìgbàbùlẹ̀. Ìdí tí mo fi ń jà fún ọ̀rọ̀ méjì nìyí: bí a bá ń fi "kì í ṣe original" bo méjèèjì mọ́lẹ̀, oníbàárà kò ní mọ̀ láéláé pé ọ̀kan ni wọ́n fi san èkejì.

Gbólóhùn yẹn tún ń ba orúkọ aláìṣẹ̀ jẹ́. Ẹni tí wọ́n bá fi Linux Mint tàbí Lubuntu, tí wọ́n jẹ́ oríṣi Linux, sí ẹ̀rọ rẹ̀ máa ń rò pé nígbà tí òun kò sanwó, ohun olè ni. Linux tí Linus Torvalds bẹ̀rẹ̀ ní Fínlándì ní 1991 ti wà lábẹ́ ìwé àṣẹ GPL láti 1992. Ìwé náà fún gbogbo ènìyàn láṣẹ láti lò ó, láti dà á kọ, láti tún un ṣe, àti láti pín in. Ọ̀fẹ́ kò tó láti pè é, torí owó ni ọ̀fẹ́ ń sọ, àṣẹ ni ọ̀rọ̀ tó wà níbẹ̀. Ètò adarí àjọní ni mo ń pè é. Windows 11 tí wọ́n fi ọgbọ́n gbé sórí ẹ̀rọ tí kò ní TPM 2.0, èròjà ààbò tí ètò náà ń béèrè, tún wà lọ́tọ̀: ẹ̀dà lè ní àṣẹ, ẹ̀rọ ni kò kúnjú ìwọ̀n lójú ẹni tó ṣe ètò náà. Àfipágbéwọlé ni.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni túmọ̀ driver sí awakọ̀ mọ́. Lẹ́yìn tí wọ́n bá fi ètò adarí sí ẹ̀rọ àtijọ́ tán, lẹ́tà lè tóbi gàgàrà lójú rẹ̀, kí Wi-Fi máà sí, kí ohùn máà jáde. Kò sí ohun tó bàjẹ́. Ètò adarí àti káàdì Wi-Fi náà kò gbọ́ èdè ara wọn ni, ògbufọ̀ ni wọ́n nílò. Ògbufọ̀ Wi-Fi, ògbufọ̀ ohùn, ògbufọ̀ ojú ẹ̀rọ: ó yé ọmọdé.

Nǹkan kan wà tó kan àwa tí à ń kọ Yorùbá ní pàtàkì. Nínú Unicode, ìlànà tí kọ̀ǹpútà fi ń dá lẹ́tà mọ̀, ẹ́ àti ọ̀ kò ní ipò tiwọn. Ẹ tàbí ọ ni wọ́n kọ́kọ́ ń tẹ̀, kí àmì ohùn tó wá gùn ún. Ọ̀pọ̀ fọ́ńtì ayé XP kò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe èyí. Àmì á yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, tàbí kí àpótí òfìfo bọ́ sípò rẹ̀. Ẹni tó bá kọ ìwé lórí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ tó sì yọ àmì ohùn dà nù, a ò lè dá a lẹ́bi pátápátá.

Fọ̀máàtì, fáìlì, flash àti ráàmù, ẹ jẹ́ kí wọ́n wà bẹ́ẹ̀. Ẹnu ti mọ́ wọn, wọn kò sì tan ẹnikẹ́ni jẹ.

Nígbà tí ẹ bá tún gbé ẹ̀rọ yín dé ìsọ̀, ẹ bi oníṣẹ́ léèrè ní Yorùbá pé: ètò adarí wo lẹ fẹ́ fi sí i, ṣé wọn kò tíì yọwọ́ nínú rẹ̀? Ṣé ẹ̀dà tó ní àṣẹ ni, àbí àtúnpò? Ṣé ẹ máa fi ọ̀nà àbùlẹ̀ sílẹ̀ ní ṣíṣí? Bí kò bá fẹ́ dáhùn èyí tó kẹ́yìn, ẹ gbé ẹ̀rọ yín, ẹ lọ sí ìsọ̀ tó kàn.